Ta Ni Ń Bá Ìrókò Pọn Ọmọ?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n pa àlọ́ fún ní kékeré tí kò mọ ìtàn Olúrónbí, obìnrin tí ó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ìrókò. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti mọ ìrókò gẹ́gẹ́ bí igi tí à ń lọ bá nígbà tí ọ̀ràn bá le. Igi tí à ń ró ní aṣọ funfun, tí à ń ṣe ètùtù fún kí àáké tó kàn án, tí ọ̀pọ̀ obìnrin sì ti kúnlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti tọrọ ọmọ. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò tíì bi ara wa léèrè ni èyí: ìrókò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Báwo ni òun náà ṣe ń bímọ? Ta ni ń bá a pọn ọmọ náà kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí yóò ti dàgbà? Ẹni tí ó gbin obì àti ẹni tí ó gbin kòkó pọ̀ láàrin wa, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí á tó rí ẹni tí yóò sọ pé baba òun ni ó gbin ìrókò tí ó wà ní oríta.

Igi kò ní ẹsẹ̀. Ibi tí ó bá ti hù ni yóò wà títí ọjọ́ tí yóò wó. Síbẹ̀, kò dára kí ọmọ igi dúró ti ìyá rẹ̀. Ìbòòji ìyá kò ní jẹ́ kí oòrùn dé ara rẹ̀. Gbòǹgbò ìyá ti fa omi àti oúnjẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Kòkòrò àti àrùn tí wọ́n sì ti mọ ọ̀nà ilé ìyá kò ní pẹ́ kí wọ́n tó mọ ti ọmọ. Àgbẹ̀ tí ó bá da gbogbo irúgbìn àgbàdo rẹ̀ sí ojú ebè kan ṣoṣo mọ irú ìkórè tí ń bẹ níwájú òun. Nítorí ìdí èyí ni olúkúlùkù igi ṣe ní ọ̀nà tí ó ń gbà rán ọmọ rẹ̀ jáde nílé. Àwọn onímọ̀ pín àwọn ọ̀nà náà sí mẹ́ta pàtàkì: ti afẹ́fẹ́, ti omi àti ti ẹranko. Ohun ọ̀gbìn mẹ́ta tí àṣà wa mọ̀ dáadáa ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ wọn, èyíinì ni àràbà, ayò àti ìrókò. Bí a bá wò wọ́n fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀kọ́ inú ìwé lọ, nítorí pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan wà tí ẹni tí ń bá a pọn ọmọ ti wà nínú ewu.

Ọmọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé

Ẹni tí ó bá ti kọjá lábẹ́ àràbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò ti rí ohun funfun kan tí ó fọ́n ká ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń gbọn òwú níbẹ̀. Òwú àràbà ni. Àwọn ìyá wa a máa ṣà á láti fi ṣe ìrọ̀rí àti tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orí tiwa ni àràbà fi pèsè rẹ̀. Inú òwú yìí ni ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ dúdú sí, kí afẹ́fẹ́ lè rí ohun tí yóò dì mú.

Ẹ jẹ́ kí á wo ètò tí ó wà nínú rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ni àràbà máa ń wọ́wé. Nígbà tí ewé bá ti kúrò lójú ọ̀nà tán ni àwọn àpò èso rẹ̀ yóò máa là lókè lọ́hùn-ún. Igi yìí lè ga tó mítà 60, láti ibi gíga bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti ń jọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà òjò ni ó ń là ni, òwú náà ìbá rẹ, yóò wúwo, yóò sì balẹ̀ sí ìdí ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe àràbà nìkan ni ó fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́. Ìrẹ́, igi tí wọ́n ń kọ lára fún oje rọ́bà kí rọ́bà òyìnbó tó gbòde, ní irun múlọ́múlọ́ lára èso rẹ̀. Bomubomu, tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì, ní irú irun bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Akòko, tí à ń fi ewé rẹ̀ lé orí ẹni tí ó bá joyè, ní ọmọ pẹlẹbẹ tí ó ní ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Akòko tí a rí ní ọgbà, ènìyàn ni ó gé ọ̀pá rẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n akòko tún ní ọ̀nà tirẹ̀ tí kò gba ọwọ́ ènìyàn.

Àléébù kan ni afẹ́fẹ́ ní: kò mọ oko, kò mọ odò, kò sì mọ orí àpáta. Ibi tí ó bá rẹ̀ ẹ́ sí ni ó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ìdí nìyí tí igi tí ó gbẹ́kẹ̀ lé afẹ́fẹ́ fi máa ń bí ọmọ lọ́pọ̀ yanturu, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni yóò ṣègbé.

Ọmọ tí omi ń gbé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ta ayò lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mọ̀ pé ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, pé ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ 48. Ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó máa ń fà mọ́ igi ni ó ń so ọmọ náà, ẹ̀gún sì bo èèpo èso rẹ̀ pẹ̀lú. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ etí òkun púpọ̀. Ọmọ inú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó ní àwọ̀ eérú, ó sì le bí òkúta. Líle tí a fi fẹ́ràn rẹ̀, tí kì í fi fọ́ bí a ti ń sọ ọ́ lu ọpọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, líle yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí omi òkun wọ inú rẹ̀. Àyè ṣófo tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì ń mú un léfòó. Ó lè wà lójú agbami fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù láìkú. Nígbà tí ìgbì bá gbé e gúnlẹ̀, tí iyanrìn sì fá èèpo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi òjò fi rí ọ̀nà wọlé, ìgbà náà ni yóò tó hù.

Báyìí ni ayò ṣe tàn dé etíkun àwọn ilẹ̀ olóoru káàkiri àgbáyé. Ìṣàn òkun kan tilẹ̀ wà tí ó máa ń gbé e láti ìhà Karíbíà lọ sí etíkun Skọ́tílándì, níbi tí òtútù kò ti ní jẹ́ kí ó dàgbà láéláé. Martin Martin, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì kan, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1703 pé àwọn ará erékùṣù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà máa ń so irú èso tí òkun gbé wá bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọdé lọ́rùn láti fi dènà àjẹ́ àti ojú burúkú, àti pé èyí tí ó funfun nínú wọn ni wọ́n gbára lé jù. Àwọn onímọ̀ ewéko gbà pé ọmọ ayò ni èyí tí ó funfun náà. Àwọn ènìyàn tí kò rí igi rẹ̀ rí, tí wọn kò sì mọ ilẹ̀ tí ó ti wá, ni wọ́n sọ ọ́ di oògùn ìṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé gbogbo ohun tí ó bá lè léfòó ni omi gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Àgbọn tí ó kún etíkun Àgbádárìgì mọ òkun í wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò wẹ̀ yí gúúsù Áfíríkà ká. Ọkọ̀ àwọn Pọtogí ni ó bá dé ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn tí Vasco da Gama ti ìrìn-àjò Íńdíà bọ̀ ní 1499. Ènìyàn náà wà lára àwọn tí ń bá igi gbé ọmọ.

Ọmọ tí ẹranko ń gbé

Ọ̀nà kẹta yìí ni ó gba ọgbọ́n jù. Ẹni tí yóò bá ni ru ẹrù yóò gba owó ọ̀yà. Bí a kò bá fẹ́ san owó, a ó fi ẹ̀tàn gbé ẹrù náà lé e lórí ni. Èèmọ́ agbò ń ṣe ti ẹlẹ́tàn. Ó hu ìkọ́ wẹ́wẹ́ sí ara èso rẹ̀, ó sì ń dúró de agbò, ajá tàbí aṣọ ọdẹ tí yóò kọjá. Ẹni tí ó ti oko dé tí ó jókòó tí ó ń ṣa èèmọ́ kúrò létí ṣòkòtò ti bá a gbé ọmọ dé ilé láìgba kọ́bọ̀.

Àwọn àgbà tún máa ń sọ pé afòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ni ó bá tan. Báwo ni ó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ wọ̀nyí? Àwọn ẹyẹ kéékèèké ni wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ tí ó pọ́n. Ọmọ inú èso náà ń lẹ̀ bí àtè, ẹyẹ a sì máa nu àgógó rẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ó bá nù ún sí ni afòmọ́ tuntun ti ń hù. Òwe náà sọ ohun tí ojú àgbà rí. Iṣẹ́ ẹyẹ ni ó fa ohun tí ojú rí náà.

Ìrókò ní tirẹ̀ kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ; owó ni ó ń san. Akọ ìrókò wà, abo ìrókò sì wà. Abo nìkan ni ó ń so. Èso rẹ̀ gùn bí ìka ọwọ́, ó rọ̀, ó sì kún fún omi. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó ọkà bàbà há sí. Èso náà kì í pọ́n yòò láti fi pe ẹyẹ ọ̀sán. Àwọ̀ ewé ni ó wà lára rẹ̀ títí tí yóò fi dẹ̀. Lóòótọ́ àwọn ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ a máa jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà rẹ̀ pàtàkì, òru ni ó ń wá. Oníbàárà náà ni àdán.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Bí ó ti ń ṣe lọ́sàn-án nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹyẹ sùn, àdán a gbéra, ó di ẹnu iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n mọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ agbo àdán tí ó wà níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ̀wé nípa wọn. Bí àdán bá dé orí ìrókò, yóò jẹ èso rẹ̀ lẹ́nu, yóò fa omi rẹ̀ mu, yóò sì tu ṣàkì rẹ̀ dànù; ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yóò bá omi náà wọ inú rẹ̀ lọ. Bí ó ti ń fò lọ lójú ọ̀run ni yóò máa yà wọ́n sílẹ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Gánà, nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àdán lára láti mọ ibi tí ó ń lọ, fi hàn pé ọmọ igi wẹ́wẹ́ lè wà nínú àdán fún ìrìn tí ó ju kìlómítà 50 lọ. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́.

Ohun kan tún wà tí ó mú kí iṣẹ́ àdán ṣe pàtàkì. Ìrókò kékeré kì í dàgbà nínú òkùnkùn igbó. Oòrùn ni ó ń fẹ́. Ọ̀bọ àti ọ̀pọ̀ ẹyẹ igbó kì í fẹ́ jìnnà sí ibi tí igi bá ti ṣú dùdù, ṣùgbọ́n àdán ń fò kọjá lórí oko, lórí ọ̀nà àti lórí ahoro ìlú, ó sì ń da ọmọ sílẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń bá ìrókò láàrin oko àti ní ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí kò sí ẹni tí ó gbìn ín. Ẹni tí ó bá wí pé ìrókò kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kò purọ́.

Ibi tí òkun ti pààlà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ọ̀nà tí èso ń gbà rìn kan àṣà, kí ó wo òkè òkun. Nígbà tí ogun fọ́ ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì. Wọ́n gbé orúkọ ìrókò dání lọ, ṣùgbọ́n wọn kò bá igi náà níbẹ̀, nítorí pé àdán wa kì í fò la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Ní Kúbà, àràbà ni wọ́n bá, àràbà náà ni wọ́n sì fi jókòó sí àyè ìrókò títí di òní. Àràbà ti mọ òkun náà í sọdá tipẹ́. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2007, tí ó fi àbùdá àràbà ìhà méjèèjì wé ara wọn, fi hàn pé láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọmọ àràbà ti sọdá wá sí Áfíríkà, kí ènìyàn tó máa tu ọkọ̀ la òkun náà já. Ní Bràsíìlì, igi kan tí wọ́n ń pè ní gameleira, tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀dán tiwa, ni wọ́n fún ní orúkọ ìrókò. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, ẹbí kan náà ni ọ̀dán àti ìrókò.

Ayò ńkọ́? Wọn kò nílò láti fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Òkun ti gbé e dé Kúbà kí wọ́n tó dé. Guacalote ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, àwọn tí ń da ẹẹ́rìndínlógún níbẹ̀ sì ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìbò. Nítorí náà, ohun tí àwọn ènìyàn wa bá ní òkèèrè àti ohun tí wọn kò bá, afẹ́fẹ́, omi àti ẹranko ni wọ́n ti pinnu rẹ̀ sílẹ̀.

Ewu tí ó wà nílẹ̀

Kò sí ẹni tí ó lè pa afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè ta òkun lọ́jà. Ṣùgbọ́n àdán ṣe é yìnbọn fún, ó ṣe é yan, ó sì ṣe é tà. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé iye àdán irú èyí tí wọ́n ń tà fún jíjẹ ní gúúsù Gánà lọ́dọọdún kò dín sí 128,000. Àjọ àgbáyé IUCN, tí ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ run, ti kà á mọ́ àwọn tí ó súnmọ́ bèbè ewu. Àdán kì í sì í bí ju ọmọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dá tí ń bímọ bẹ́ẹ̀ kò lè tètè dí àlàfo tí ìbọn bá dá sílẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé bí àdán bá tán, àwa fúnra wa kò ha lè gbin ìrókò bí? Àwọn ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó igbó ti gbìyànjú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì rí ìjàngbọ̀n. Kòkòrò tíńtín kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma. Ó máa ń yé sí ara ìrókò kékeré. Ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ a wú kókó-kókó, a sì jẹrà. Níbi tí a bá gbin ìrókò wẹ́wẹ́ pọ̀ sí ojú kan, kòkòrò yìí yóò mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àdán kì í gbìn wọ́n pọ̀. Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún ni ó ń sọ wọ́n sí, tí ọ̀nà fi jìn fún kòkòrò. Àwọn àgbà wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí ó pa òwe yìí rí ìrókò kékeré tí ó hù nítòsí ilé. Bí a kò bá ṣọ́ra, àwọn ọmọ wa yóò máa pa òwe náà láìrí ohun tí ó dúró fún.

Àwọn baba wa kò kọ̀wé nípa kòkòrò tàbí nípa àdán, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn igbó kan sílẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ gé igi wọn, tí a kò sì gbọ́dọ̀ dọdẹ nínú wọn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni a mọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì fi í kún àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 75, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti igi gígé níbẹ̀. Ohun tí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń pa igi mọ́, ó sì ń pa àwọn tí ń bá igi gbé ọmọ mọ́ pẹ̀lú. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo àṣà wa ni ó ń dáàbò bo àdán. Ní Ìdànrè, ọdún kan wà tí àwọn ọkùnrin máa ń wọ ihò àpáta lọ láti pa àdán irú mìíràn. A kò gbọdọ̀ fi irọ́ gbé àṣà ga. Èyí tí ó ń tún ilé ṣe ni kí á tọ́ka sí, kí á sì dì í mú.

Mo mọ̀ pé àdán ń ba ìbẹ́pẹ àti máńgòrò jẹ́, pé ariwo àti òórùn rẹ̀ ń yọ àwọn tí ó bá bá a gbé lẹ́nu. Òótọ́ sì ni pé àdán lè gbé àrùn sára, nítorí náà kò yẹ kí ọmọdé máa fi ọwọ́ lásán mú un. Ṣùgbọ́n bí a kò bá pa á, tí a kò sì fọwọ́ kàn án, ewu pé yóò kó àrùn ràn wá yóò dín kù. Jíjìnnà sí i ni ó ṣe àwa àti ìrókò láǹfààní.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn, ẹ mú òwú àràbà, ọmọ ayò àti èèmọ́ wọ kíláàsì. Wọn kò jìnnà sí yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá lọ sí ìlú yín, ẹ béèrè orúkọ àwọn igbó àìgbọdọ̀wọ̀ tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó tán. Ẹ̀yin àgbà tí ọwọ́ yín ni ilẹ̀ wà, bí ẹni tí ó fẹ́ ra igbó bá dé, ẹ rántí pé kì í ṣe igi tí ó wà ní ìdúró nìkan ni ẹ fẹ́ tà. Ẹ óò tà á pẹ̀lú àwọn tí yóò gbin òmíràn.